Sájẹ́ǹtì ti fẹ̀yìntì, àbúrò rẹ̀ ń wá owó kòròpe

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọkọ mi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Sítáàfù sájẹ́ǹtì ni, òun ló ń mójú tó sítọ́ọ̀ kọ́ńpìnnì wọn. Apá Màídúgùrì ló wà ní ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ó ti ṣe oṣù mẹ́fà ní ibùdó Oshodi tí wọ́n ti ń kọ́ sọ́jà tó ń fẹ̀yìntì níṣẹ́, iṣẹ́ ẹja ló kọ́ níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wọlé ní oṣù tó kọjá. Láti ìgbà tó ti dé bá wa ní Òkè-Baálẹ̀, kì í sùn dáadáa. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ń jí àwọn ọmọ. Ó ń bá mi jà lórí owó ọjà mi. Àbúrò rẹ̀ ní kó gbé owó sílẹ̀ kí àwọn fi ra kòròpe méjì, ẹbí sì ti pe ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọkọ mi ní òun ti gbà. Èmi ò gbà. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Kí sì ni ká ṣe sí àìsùn yìí?" Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú oríire pé ẹni yín fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ọ̀pọ̀ ìyàwó sọ́jà ló jẹ́ pé pósí tí wọ́n fi àsíá bò ni wọ́n gbé dé bá wọn.

Ẹ má dákẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ níwájú ẹbí o. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́ ni kí ẹ̀yin méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ nínú yàrá. Tí a bá débẹ̀, màá sọ bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: kí Sájẹ́ǹtì má ṣe ohun ńlá kankan fún ọdún kan gbáko. Kó má ra ọkọ̀, kó má ṣe ìpìlẹ̀ ilé, kó má jẹ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, kó má bá ẹnikẹ́ni da òwò pọ̀. Ẹ lè ní ó ti pẹ́ jù fún ọkùnrin tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, tí owó sì wà nílẹ̀. Èmi náà wọ aṣọ yẹn, ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ni mo wà, láti ìgbà tí mo sì ti kúrò, àwọn sọ́jà tó fẹ̀yìntì àti ìyàwó wọn ni mo ń bá jókòó jù. Mo ti rí àwọn tí kò dúró, tí owó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tán lọ́wọ́ wọn kí ọdún tó yípo. Mi ò tíì rí ẹni tó dúró tó wá ń kábàámọ̀.

Ẹ wo irú ayé tó ti jáde wá. Láti ọjọ́ tó ti wọ Depot ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun tuntun, ẹlòmíràn ló ń bá a pinnu. Wọ́n sọ ìgbà tó máa jí, aṣọ tó máa wọ̀, ibi tó máa sùn, ìlú tó máa gbé. Bí wọ́n bá ní Jos, Jos ni. Bí wọ́n bá ní Monguno, ó di ẹrù rẹ̀. Kó tó wá kí yín, ó di kó gba páàsì. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, dókítà wà ní bárékè. Bí bàtà rẹ̀ bá já, ó wà ní sítọ́ọ̀. Ẹni tó wà lókè sọ̀rọ̀, ó ṣe é. Òun náà sọ̀rọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣe é. Nígbà tó wá dé Òkè-Baálẹ̀, ohun gbogbo di ìdúnàádúrà: onílé, awakọ̀, oníṣẹ́ iná, àna, ọmọ tó ń béèrè pé nítorí kí ni òun ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn ìpinnu wẹ́wẹ́ tí ẹ̀yin ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìronú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi yára gbà fún àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan gbé ètò wá tó ní ọjọ́, tó ní iye, tó ní iṣẹ́ fún kálukú. Ó dùn létí rẹ̀ nítorí ó jọ àṣẹ. Kì í ṣe pé ó gọ̀, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn àbúrò ju ẹ̀yin lọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí lè má dùn mọ́ yín. Ilé yín ti ní ọ̀gá kó tó dé. Ẹ̀yin ni. Fún gbogbo ọdún tó fi ń rìn ìrìn iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ tí owó ilé-ìwé ń wọlé, ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè tí iná bá bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹ̀wà alẹ́. Ó ń wá fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ń se ìrẹsì, àwọn ọmọ ń pọ́n ọn lé, ó ń padà. Àlejò pàtàkì ni. Nísinsìnyí àlejò kò lọ mọ́, ó wá ń yẹ ilé wò bí ẹni ń yẹ bárékè wò: ta ló gbé bàtà síbí, kí ló dé tí bẹ́ẹ̀dì kò fi tẹ́? Ẹ̀yin náà, bí mo ṣe mọ àwọn obìnrin Òṣogbo, ẹ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá méjì, ilé kan. Ìjà owó ọjà yẹn, ibẹ̀ ló ti ń jáde.

Ti owó ọjà gan-an, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín láìmọ̀: sítọ́ọ̀ ló ń mójú tó. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ kọ́ńpìnnì ń fọwọ́ sí ìwé fún aṣọ, fún oúnjẹ, fún gbogbo ohun tí wọ́n kó sí i lọ́wọ́. Tí ọ̀kan bá dín, òun ni wọ́n máa pè, ó sì lè ti ibẹ̀ dé gáádìrúùmù, àtìmọ́lé àwọn ológun. Nígbà tó bá ní "ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn dà?", ohun tó ń ṣe ni kíka sítọ́ọ̀. Àmọ́ owó ọjà yín kò sí nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀. Tiyín ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un ní tútù, nígbà tí inú kò bí ẹnikẹ́ni nínú yín, pé èyí ni owó ilé, èyí ni owó ọjà, owó ilé ni a jọ máa kà. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún owó ilé, kí òun máa kọ ọ́. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn: kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ dáadáa tó o, á sì tù ú lára láti máa kọ ọ́.

Yàtọ̀ sí ìwé yẹn, ẹ fún un ní apá kan nínú ilé tó máa jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ó lè jẹ́ gbígbé àwọn ìbejì lọ sí ilé-ìwé àti mímú wọn bọ̀, ó lè jẹ́ omi àti jẹnẹrétọ̀. Tí ẹ bá ti fún un, ẹ má tún máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá gbé wọn dé ilé-ìwé ní aago méje kú ogún ìṣẹ́jú tí géètì kò tíì ṣí, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti aago mẹ́rin àbọ̀, òun ni kó jí, kí àwọn ọmọ sùn. Bí mùsùlùmí bá ni, àsùbáà ti wà níbẹ̀ fún un. Bí onígbàgbọ́ bá ni, kó gbàdúrà tán kó nasẹ̀ láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ọlá-Ìyá kó padà. Ẹsẹ̀ tó ti rìn lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ó wá kan àìsùn, èyí tó ń kọ mí lóminú ju kòròpe lọ.

Mo wà ní Ìgbọ̀nà ní ìparí ọdún kan, nígbà tí àwọn ọmọ máa ń ju bángà kiri ọjà. Ọkùnrin kan wà níwájú mi, ó ga, ó wọ fìlà àdìrẹ, ó ń dúnàádúrà tàtàsé. Bángà dún lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkùnrin náà ti wà lábẹ́ tábìlì aláta, ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí. Agbọ̀n tòmátì ti dànù, fìlà ti wọ gọ́tà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Aláta náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọmọ orógùn yọ fìlà nínú gọ́tà, ó fi omi tó fi ń wọ́n ẹ̀fọ́ ṣan án, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́, àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni." Ọkùnrin náà sanwó tòmátì, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò jáde nílé mọ́ títí ọdún tuntun fi wọlé.

Ara ọkùnrin yẹn kò tíì mọ̀ pé Òṣogbo ni òun wà. Ní àwọn àgọ́ ológun tó wà ní Borno, òru tàbí ìdájí ni àwọn ọ̀tá sábà máa ń kọlu wọn, nítorí náà ẹni tó bá sùn wọra lè má jí. Ara kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn pẹ̀lú ojú kan, ó kọ́ ọ dáadáa, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì gbé e délé láàyè. Kò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí pé wọ́n fún un ní ìwé ìdágbére. Òun ló fi jẹ́ pé òógùn ń bò ó lóru, tó ń fi ẹ̀yìn ti ògiri tó bá jókòó níbi ìnáwó, tó ń bínú sí ariwo kékeré.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣe. Tó bá kọjá oṣù kan tí kò lọ sílẹ̀, iṣẹ́ dókítà ni. Ti ọkọ yín ti kọjá bẹ́ẹ̀: ó ti ṣe oṣù mẹ́fà Oshodi kó tó délé. Ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní LAUTECH, kí ẹ béèrè ẹ̀ka àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Tí kò bá fẹ́ kí ará àdúgbò rí òun, ilé-ìwòsàn ológun wà ní Ìbàdàn, kó mú káàdì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dání.

Ẹ má sọ fún un pé "orí rẹ ni a fẹ́ lọ wò." Kò ní lọ. Ẹ ní kí ẹ jọ lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ oorun fún dókítà tí ẹ bá débẹ̀. Sọ́jà kì í kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà á béèrè bóyá ó ń mu ọtí, bóyá ó ń lo tramadol, oògùn ìrora líle; kí ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn, ó pọ̀ láàárín àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ tó ń fi í wá oorun. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wà lára ìtọ́jú, ó sì ju oògùn lọ fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin pé kò ṣe nǹkan kan.

Mi ò ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ àlùfáà tàbí pásítọ̀. Àdúrà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n nà án kí nǹkan kan lè jáde lára rẹ̀, ẹ mú ọkọ yín kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ènìyàn.

Nínú yàrá, tó bá ń pariwo lójú oorun, ẹ má fọwọ́ kàn án lójijì. Ẹ dìde, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ tan iná, ẹ pe orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn ìyàwó tó gba ẹ̀ṣẹ́ lóru kò gbà á lọ́wọ́ ọkọ tó kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ń lù yín lójú mọ́mọ́, tó bá ń sọ pé ikú yá ju kí òun máa wà báyìí, tàbí tó bá ń wá ohun ìjà kiri, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pe ẹni tó lè bá yín gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Ó yá, owó.

Kí ẹ tó ronú ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ kó ìwé rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan: ìwé ìdágbére, káàdì, nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì, ìwé báńkì, NIN, BVN. Àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun, Military Pensions Board, ti wà láti 1976, Àbújá sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí lóṣooṣù, nítorí náà ọkọ yín kò ní PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kankan tí á máa lọ bá. Ìjọba ló ń san án tààrà. Ẹnikẹ́ni tó bá pè lórí fóònù tó ní òun jẹ́ ti Board, tó wá ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́, olè ni, ẹ pa fóònù. Àyẹ̀wò ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní verification máa ń wáyé látìgbàdégbà, kó má fi ọ̀kankan jóná. Àjẹmọ́nú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní debarment, èyí tí wọ́n ń san kí sọ́jà tó fẹ̀yìntì má baà lọ fi ìmọ̀ ogun ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó ti fa wàhálà gan-an, títí kan ìgbà tí àwọn àgbà sọ́jà lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá ní 2023. Kó béèrè bóyá ó kàn án, àmọ́ kí ẹ má fi owó tí kò tíì wọlé ṣètò ohunkóhun.

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan lálẹ́ yìí: ta ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bíi next of kin? Ọmọ ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọṣẹ́, wọ́n kọ orúkọ ìyá wọn tàbí ti ẹ̀gbọ́n, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Mo mọ opó tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ìwé lọ, ó sì di ẹjọ́. Tí kò bá tíì jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, kó lọ yí i padà.

Ní ti owó tó wọlé lódindi, àwọn kọ́ọ̀sìmeètì ọkọ yín á ti máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sílẹ̀, gba igba lóṣù tó ń bọ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni MMM àti CBEX. MMM dá owó àwọn ènìyàn dúró ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX wọlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tó fi owó sí i sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga àti fáànù. Àga ni wọ́n rí kó. Sọ́jà gba sọ́jà gbọ́, nítorí náà àárín wọn ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń yára ràn.

Báńkì ni kí owó náà kọ́kọ́ wà. Láti 2024, bí báńkì bá wọlẹ̀, mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí ènìyàn fi sí báńkì, máa san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan dé, mílíọ̀nù méjì fún báńkì kéékèèké tí a ń pè ní microfinance. Tí owó Sájẹ́ǹtì bá ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, kó pín in sí báńkì méjì. Lẹ́yìn náà, kó wo bond ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí ènìyàn yá ìjọba tí ìjọba ń san èlé lé: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ó kéré jù tí wọ́n ń gbà, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé sí àkáǹtì. Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì náà wà fún ẹni tí kò fẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èyí tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 364. Kò sí ariwo nínú wọn. Kò sì sí ẹni tó máa fi wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá onímọ́tò, mo mọ̀.

Ṣé kòròpe burú ni? Rárá. Ènìyàn ń jẹun nínú rẹ̀ ní Òṣogbo yìí. Ẹni tó mọ páàkì, tó mọ mẹkáníìkì, tó lè fi etí gbọ́ pé bíárìnì fẹ́ lọ, á jèrè. Ọkọ yín kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ní ibi tó ti bọ̀, tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ̀ka ọkọ̀ ló ń tún un ṣe. Níbí, awakọ̀ á ní táyà ló bẹ́, ọ̀la á ní ọlọ́pàá ló mú òun, ọ̀tunla kò ní gbé fóònù. Awakọ̀ yìí sì lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ gan-an, tí kò ṣe é tì mọ́ gáádìrúùmù. Owó á lọ, àbúrò á tún lọ.

Ó kọ́ iṣẹ́ ẹja ní Oshodi. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹja? Kó fi owó kékeré gbé tàpólì kan dúró lẹ́yìn ilé, kó kó ọmọ ẹja díẹ̀ sí i, kó sìn ín bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Oúnjẹ ẹja ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n kó ẹja tó pọ̀, oúnjẹ tán lóṣù kẹta, wọ́n ta ẹja tí kò tóbi. Ọkọ yín mọ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Àwọn onípẹ́pẹ́súùpù Òkè-Fìà ń ra ẹja lójoojúmọ́. Kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹja tó wọ omi, kó béèrè ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Nínú ọdún tí mo ní kó fi dúró yìí, ẹja lè ti inú omi jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá pàdánù, owó tàpólì ló pàdánù.

Wọ́n á tún gbé ilẹ̀ wá, mo fẹ́ kí ẹ ti múra sílẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà yíká ìlú. Òfin ilé-ẹjọ́ wa lórí èyí ti pẹ́: tí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni, tí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì dà á rú. Nítorí náà olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí sàfíyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá yín wá kì í ṣe lọ́yà yín.

Àwọn ará àdúgbò á ní kó wá ṣe olórí ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan á wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ aṣọ ológun kó bá àwọn lọ dẹ́rù ba ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó ṣẹ̀ sí òfin kí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ mọ́ máa wọ aṣọ náà, ẹjọ́ gbèsè kì í sì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni, tí sífù dífẹ́ǹsì ń fún ní ìwé àṣẹ, lè fẹ́ gbà á. Wọn kì í lo ìbọn, òfin kò gbà wọ́n láyè. Iṣẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ dára. Iṣẹ́ òru kò dára fún ẹni tí oorun ń bá jà, bí ì báà jẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ló pè é. Kí oorun kọ́kọ́ padà.

Àwọn tó yẹ kó máa rí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Légíọ́ọ̀nù, tó ti di Veterans Federation báyìí, wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn lẹ máa ń rí níbi ìrántí àwọn ológun ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́n o, àwọn kan nínú wọn ló ń pín CBEX yẹn. Ṣùgbọ́n á rí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ènìyàn mélòó ló pa.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nìyí. Lálẹ́ ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ bi í pé: ọ̀gá wo ló ń kó ọmọ ogun wọ igbó tí kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ yọjú wò? Kò ní rí ẹnìkan dárúkọ. Ẹ ní ọdún kan yìí ni ìyọjúwò. Ẹ má bú àbúrò rẹ̀, ẹ má sọ pé "mo ti sọ tẹ́lẹ̀." Tó bá gbà, ẹ jọ lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ẹtì kí ẹ fi owó náà sí fíìsì olóṣù mẹ́ta, tí wọn kì í fọwọ́ kàn títí á fi pé, kí ó lè sọ òótọ́ tó bá ní owó kò sí nílẹ̀. Tí bond bá ti ṣí, ẹ mú apá kan lọ síbẹ̀ tí oṣù mẹ́ta bá pé.

Ní ọjọ́ Àìkú, òun ni kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí, kó ní òun ti fi owó pamọ́, òun kò ní fi dá òwò kankan sílẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Kó fún àbúrò rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú, ìwọ̀nba tí ẹ̀yin méjèèjì kò ní retí kó padà, kó sì pè é ní ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà kó fún un ní ìwé kan, irú èyí tí òun fi ń kọ owó ilé, kó ní kí àbúrò lọ bá oníkòròpe kan ṣiṣẹ́, kó máa kọ ohun tó pa, ohun tó ná lórí epo àti mẹkáníìkì, àti ohun tó dá padà fún ẹni tó ni ọkọ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, kó gbé ìwé náà wá kí àwọn méjèèjì jọ kà á.